Ọ̀rọ̀ ìgboro inú fíìmù tí kò yé ọ mọ́

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò mú ọ jù? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù Yorùbá lóde òní, sọ́bútáítù, ìyẹn ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ni o máa ń gbára lé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ò yé ọ tán. Má dá ara rẹ lẹ́bi. Sọ́bútáítù yẹn gan-an ló ń gé ọ̀rọ̀ kúrú.

Ìlà méjì péré ni àyè tí ẹni tó ń ṣe é ní, ìlà kan kì í sì í sábà ju lẹ́tà 42 lọ. Wọ́n gbà pé òǹwòran lè ka nǹkan bíi lẹ́tà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wá mú òwe yìí wò: "Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n." Bí òṣèré bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sọ ọ́, lẹ́tà 68 ló kù fún Gẹ̀ẹ́sì. Kò lè gbà á, wọ́n á gé e. Ohun tí wàá rí kà ò ní ju "ọlọ́gbọ́n ló máa yé" lọ: ìlù ti lọ, ijó ti lọ.

Ti ọ̀rọ̀ ìgboro tún le sí i, torí ọ̀rọ̀ kan náà lè ní ìtumọ̀ méjì. Nínú fíìmù ayé ọba, ẹni tó gbọ́ "aláyé" á rántí Aláyélúwà. Nínú fíìmù ìgboro Èkó, aláyé ni ọmọ ìta tó ń gbowó lọ́wọ́ awakọ̀.

Ní ti "jápa" tí o béèrè, o ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. "Já" inú rẹ̀ ni ti ewúrẹ́ tó já okùn. Tẹ́lẹ̀, olè tí wọ́n fẹ́ mú ló ń jápa, tàbí ọmọ tó rí pàṣán. Nísinsìnyí, ẹni tó kó lọ sókè òkun ló jápa, ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì ti di ọ̀rọ̀-orúkọ: wọ́n á ní jápa ti kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ. Tòkunbọ̀ ti rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé ni. Ó wá di orúkọ mọ́tò àlòkù tó ti òkè òkun dé, títí kan fíríìjì. Ìwé atúmọ̀-èdè Oxford gba tòkunbọ̀ wọlé ní 2020, ó sì gba jápa lẹ́yìn náà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "ó le kú", ìyẹn ni pé ó le gan-an. Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi sọ ìwé rẹ̀ lórúkọ ní 1974, ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin tó ń fẹ́. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ìró kúkurú àti bùbá ni àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ wọ̀, bí oge ṣe rí lásìkò tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Fíìmù jáde, aṣọ náà padà sígboro, orúkọ fíìmù sì lẹ̀ mọ́ ọn: ólekú. Tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá tó fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í gbé ohùn òkè sórí fáwẹ̀lì yẹn. Èyí gbé e, torí odindi gbólóhùn ló di orúkọ. Ka ìwé náà kí o tó wo fíìmù. Ó dá mi lójú pé èdè rẹ̀ á dùn mọ́ ọ.

Bí o bá fẹ́ kí etí rẹ padà bọ̀ sípò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú fíìmù kan ti tó lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́ pa sọ́bútáítù. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán tí kò ṣe é pa, fi bébà bo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì bí o ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó ti jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì, dín eré rẹ̀ kù sí 0.75; bí o bá dín in jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn á máa wọ́, o ò ní í mọ òkè yàtọ̀ sí àárín mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí o ṣí sọ́bútáítù, kí o wo ohun tí wọ́n gé. Ṣàkíyèsí ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ ń sọ sí ọ̀rẹ́, bí ọmọdé bá sọ ọ́ sí àgbà, àrífín ni, sọ́bútáítù ò sì ní í fi ìyẹn hàn ọ́.

Bí o bá ń tẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí o kọ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kíbọọ̀dù kan ṣoṣo ni kí o máa lò. "Ẹ" lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo pẹ̀lú dọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ "e" tí wọ́n wá fi dọ́ọ̀tì sí lábẹ́. Ojú ò rí ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà rí i, ìdí nìyẹn tí o fi ń wá ọ̀rọ̀ tí o fọwọ́ ara rẹ kọ tí o ò rí i. Fi fáìlì náà pa mọ́ ní UTF-8, ọ̀nà ìpamọ́ tó mọ gbogbo àmì Yorùbá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì ìbéèrè ni yóò kún ibẹ̀.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn. Kà á sókè ketekete. Ẹnu ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà fún. Bí o bá ti ka orí kan, fi àwọn ọ̀rọ̀ tó dí ọ lọ́nà ránṣẹ́ pẹ̀lú ti fíìmù. Má gbàgbé láti kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sí i, kí n lè lọ gbọ́ ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ kí n tó dá ọ lóhùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.