Ẹ Padà Lọ Wo Ilé Náà Lọ́jọ́ Òjò

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń wá ilé rà,

Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìnáwó. Ọjọ́ tí oòrùn bá mú ganrínganrín ni alágbàtà máa ń fẹ́ mú èèyàn lọ wo ilé. Ẹ bá a lọ. Àmọ́ tí ilé náà bá wù yín, ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ òjò, torí omi ló ń ba ilé jẹ́ jù, omi náà ló sì ń tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dúró síta. Ilẹ̀ tó yí ilé ká gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri. Tó bá dagẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ ilé, ìdí ìpìlẹ̀ ni omi á máa dá sí.

Tí ẹ bá wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi inú ilẹ̀ máa ń gun ògiri tí kò ní ìdènà nísàlẹ̀, ó sì lè ga tó mítà 1. Ọ̀dà ibẹ̀ á wú, á máa ṣí bí èèpo, nǹkan funfun bí iyọ̀ á sì máa yọ lára ògiri. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ni wọ́n kùn lọ́dà tuntun, ẹ bèèrè ìdí. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, kí ẹ ki imú bọ̀ ọ́. Ọ̀dà kì í débẹ̀, òórùn èbu kò sì ṣeé kùn.

Ti ògiri tó sán, ẹ má torí gbogbo rẹ̀ sá. Èyí tó tín-ín-rín bí irun sábà máa ń jẹ́ ti sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, tó súnkì nígbà tó ń gbẹ. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tó ń gun ògiri lọ bí àtẹ̀gùn, tí apá kan rẹ̀ fẹ̀ ju ìkejì. Ó ṣeé ṣe kí ìpìlẹ̀ máa rì lápá kan. Tó bá fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, ẹ pe ẹnjiníà kí ẹ tó dúnàá dúrà rárá.

Ẹ ṣí tápù méjì pọ̀, kí ẹ tẹ omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá omi á di tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà, ẹ ti gbogbo rẹ̀ pa, kí ẹ tẹjú mọ́ mítà omi fún ìṣẹ́jú 15. Tó bá ṣì ń yí, páìpù kan ń jò níbi tí ojú kò tó.

Ìwé ilé ńkọ́? Ẹ̀dà tí olùtà kó fún yín kò tó. Kí lọ́yà tiyín, tí kì í ṣe lọ́yà rẹ̀, lọ yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀: ṣé orúkọ olùtà ló wà níbẹ̀, ṣé wọn ò ti fi ilé náà yáwó? Kí awọnlẹ̀ náà wọn ààlà. Ẹ má sanwó kankan fún olùtà kí iṣẹ́ àwọn méjèèjì tó parí. Kí ẹ sì má fi gbogbo owó yín ra ilé tán. Owó lọ́yà, owó orí àti àtúnṣe ọdún àkọ́kọ́ ń bọ̀.

Ó ku àjà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ gun orí rẹ̀. Ẹ wá àbàwọ́n omi lára igi òrùlé, kí ẹ sì pa tọ́ọ̀ṣì díẹ̀ kí ẹ wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọjú láti òkè. Bí olùtà bá ní kò sídìí tí ẹ fi ń gun àjà, ẹ ní kó bá yín di àkàbà mú.