Sí Àkànní, láti Madrid

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé o ti bú mi títí ó fi rẹ̀ ọ́. Àbúrò mi sọ fún mi lórí fóònù pé gbogbo àwòrán tí mo ń fi ránṣẹ́ ni Màmá ń fi han àwọn ará àdúgbò, àti pé èyí tí mo yà níwájú Ààfin Ọba ni wọ́n fi ń yangàn jù, tí wọ́n ń ní ibẹ̀ ni ọmọ àwọn ti ń ṣiṣẹ́. Jọ̀wọ́, má rẹ́rìn-ín. Yàrá inú ààfin náà lé ní 3,000, ọba fúnra rẹ̀ kò sì gbé ibẹ̀. Bí wọ́n bá gbà mí síṣẹ́ níbẹ̀, ta ni n ó máa gbé oúnjẹ fún?

Puerta del Sol ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn mi, níbi tí ère béárì kan ti na ẹsẹ̀ iwájú mọ́ igi eléso. Níwájú ilé ńlá tó ní aago lórí níbẹ̀, wọ́n tẹ́ òkúta kan sílẹ̀ tó ń tọ́ka sí ibi tí a ti ń ka kìlómítà àwọn òpópónà mẹ́fà tó jáde láti Madrid. Òdo ni wọ́n kọ sí i. Àwọn àlejò a máa fi bàtà wọn tẹ̀ ẹ́ ya àwòrán. Èmi náà tẹ̀ ẹ́, mo sì dá rẹ́rìn-ín nítorí ohun tí n ó sọ fún ọ láìpẹ́.

Plaza Mayor kò jìnnà síbẹ̀, gbàgede onígun mẹ́rin tí wọ́n parí ní 1619, tí ère Ọba Felipe Kẹta lórí ẹṣin dúró sí àárín rẹ̀. Ẹnu ẹṣin náà ṣí sílẹ̀ nígbà kan rí, àwọn ológoṣẹ́ a sì máa gba ibẹ̀ wọlé láìrí ọ̀nà jáde mọ́. Nígbà tí bọ́ǹbù fọ́ ọ ní 1931, egungun ẹyẹ ló tú jáde. Wọ́n ti dí ẹnu rẹ̀ pa báyìí. N kò mọ ìdí tí mo fi ń padà lọ wò ó.

Tẹ́ḿpìlì Debod, tí Íjíbítì fi ta Spéìn lọ́rẹ ní 1968, tí wọ́n sì tún un tò ní òkúta kọ̀ọ̀kan síbí, bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kàn lọ wò. Prado gan-an ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ilé àwòrán tí wọ́n ṣí ní 1819. Láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀fẹ́ ni ènìyàn ń wọlé, èmi náà a sì tò sórí ìlà. Gbogbo ayé ń wọ́ lọ wo ọmọbìnrin ọba tí Velázquez yà ní 1656 láàárín àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Ó dára, n kò ní parọ́. Àmọ́ Juan de Pareja ni èmi ń wá lọ. Ẹrú Velázquez ni tẹ́lẹ̀, ọmọ adúláwọ̀, wọ́n sì kọ ìwé òmìnira rẹ̀ ní 1650. Ní 1661, ó ya bí Jésù ṣe pe Mátíù agbowó-òde, ó sì ya ara rẹ̀ sí ìkángun òsì nínú aṣọ ọlọ́lá, pẹ̀lú ìwé pélébé kan lọ́wọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Kò wo Jésù rárá. Àwa tí a dúró níwájú rẹ̀ ló ń wò.

O ó bi mí pé níbo ni òṣìṣẹ́ ti rí irú àyè báyìí. Àkànní, wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù kẹsàn-án. Èmi àti àwọn mẹ́fà ni. Àárọ̀ ni wọ́n fi ìwé lé wa lọ́wọ́, kó tó di ọ̀sán a ti kó bàtà wa jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá jókòó sínú yàrá látàárọ̀ yóò ro ara rẹ̀ pa, ìyẹn ló sọ mí di arìnká tó mọ ìlú ju onílùú lọ. Mo ń rí iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Eyín tó ń dùn mí, wọ́n ti yọ ọ́.

Màmá wá sọ pé ìwọ lò ń bá àwọn kọ fọ́ọ̀mù físà, àti pé oṣù kìíní ni àwọn fẹ́ wá wo ààfin. Mo bẹ̀ ọ́, má tètè kọ ọ́ tán. Sọ fún wọn pé òtútù oṣù kìíní kò dára fún orúnkún wọn, pé kí wọ́n jẹ́ kó di oṣù kẹfà, bóyá n ó ti rí nǹkan ṣe nígbà náà. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá mo ń jẹun, sọ pé mo ń jẹun. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní