Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Tí Ẹ̀ Ń Múra Ìrìn Àjò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà físà, ẹ sì kú ìnáwó. N kò kọ lẹ́tà yìí láti dá ẹnikẹ́ni dúró nílé. Gáná ni wọ́n bí èmi gan-an sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ létí mi ní Tákìé lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n sùn. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń kọ́, ó ku oṣù mẹ́rin kó ṣe fíríìdọ̀mù. Ó ní òun ti fi sílẹ̀, pé bí òun bá ti jápa, òun á kọ́ èyí tó bá wà lọ́hùn-ún.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Munkhbayar Dorjsuren, ọmọ Mòǹgólíà. Ìbọn ìléwọ́ ni iṣẹ́ tó mọ̀. Ní Òlíńpíìkì Barcelona lọ́dún 1992, ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ fún Mòǹgólíà nínú ìdíje mítà 25 ti àwọn obìnrin. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Jámánì, ó di ọmọ ibẹ̀. Ní Beijing lọ́dún 2008, ó tún gba idẹ nínú ìdíje kan náà, fún Jámánì. Ọdún 16 ló wà láàárín méjèèjì.

Ẹ bá mi wo irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń di ìbọn náà mú. Ìgbà 60 ni wọ́n ń yìn ín. Nínú 30 àkọ́kọ́, agbo àárín pátákó àmì tí wọ́n ń yìnbọn sí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, láti mítà 25. Ní 30 tó kù, apá á wà nílẹ̀. Bí àmì bá ti yọ, ìṣẹ́jú àáyá 3 péré ni wọ́n ní láti gbé e sókè kí wọ́n sì yìn ín. Ta ló lè kọ́ ìyẹn nínú ọkọ̀ òfuurufú? Kí Jámánì tó mọ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ yẹn ti gbọ́n.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún 1969, ìjọba Gáná fún àwọn àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kó jáde. Bàbá mi ní ìsọ̀ ní Tamale. Àwo, ìgò, aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló fi sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ télọ̀. Orí máṣíìnì nìkan ló gbé lé itan nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a dé Òkè-Ẹlẹ́rin tó ti ń ránṣọ fún èèyàn. Òun ló bọ́ wa lọ́dún yẹn, bàbá mi sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀.

Ògúnlọlá tó tẹ ìlú yìí dó ńkọ́? Ọdẹ tó wá fìdí kalẹ̀ sábẹ́ igi Àjàgbọn ni. Ìtàn wa sọ pé ọfà ló fi ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń yọ Aláàfin lẹ́nu, ibẹ̀ ni orúkọ ìlú wa ti wá. Ó ti mọ ọfà ta kó tó dé.

Ohun kan tún wà nípa Beijing tí mo fẹ́ràn jù lọ. Chen Ying ọmọ Ṣáínà ló gba wúrà, Otryadyn Gündegmaa ọmọ Mòǹgólíà gba fàdákà, Dorjsuren ló ṣe ìkẹta. Ọmọ ilé kan náà méjì, àsíá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú tèmi, Mòǹgólíà kò pàdánù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má pe ẹni tó lọ ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má bú ilé tó kọ́ yín níṣẹ́.

Ìwọ ọmọ Tákìé, mo ti lọ bá ọ̀gá rẹ. Ó ní bóo bá dé lọ́jọ́ Ajé, òun kò ní bi ọ́ léèrè ibi tóo ti wà. Bó bá jẹ́ owó fíríìdọ̀mù ló ń lé ọ sá, wá rí mi nílé lálẹ́.

Èmi bàbá yín,
Òkè-Ẹlẹ́rin, Ògbómọ̀ṣọ́