Àjọkẹ́, má kánjú buwọ́ lùwé

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara màmá rẹ ti ń yá, orúnkún yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún mọ́. Mo ti ń ro ohun tó o bá mi sọ lórí fóònù, pé ọ̀gá rẹ gbé ìwé ìbúra kan síwájú rẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ní kó o buwọ́ lù ú kíá, kò sáyè àtikà. O sì ní kó di ọjọ́ Ajé. O ṣeun. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ adájọ́ kan fún ẹ kí ọjọ́ Ajé ọ̀hún tó pé.

Jonathan Jasper Wright lorúkọ rẹ̀. Ọmọ dúdú ni, Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1840. Ó kọ́ṣẹ́ òfin lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà, bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò dé, àwọn tó yẹ kó dán an wò kọ̀ jálẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fìdí rẹmi o. Wọn ò jẹ́ kó jókòó rárá ni. Ní 1865 ó gba Beaufort lọ ní South Carolina, ó ń kọ́ àwọn sójà dúdú níwèé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣòfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ní 1866, ó padà sílé, ó kan ilẹ̀kùn kan náà, wọ́n dán an wò, ó yege. Òun ni lọ́yà dúdú àkọ́kọ́ ní Pennsylvania. Ibẹ̀ yẹn wù mí púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá jókòó tì í, ká máa gégùn-ún.

Ó tún padà sí Beaufort, ó ń ṣe agbẹjọ́rò fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Ó wà lára àwọn tó kọ òfin tuntun fún South Carolina ní 1868, ó di sẹ́nétọ̀, nígbà tó sì di oṣù kejì 1870, ilé aṣòfin yàn án sí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà. Ṣáájú rẹ̀, kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tí aláwọ̀ dúdú ti dé irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Lẹ́yìn ìbò 1876, gómìnà méjì ló búra fún ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo: Daniel Chamberlain, ti ẹgbẹ́ Rẹpọ́blíkà, àti Wade Hampton, ọ̀gágun tó ti jà fáwọn tó fẹ́ kí oko ẹrú máa bá a lọ. Hampton dárí ji ẹlẹ́wọ̀n kan tó ń jẹ́ Norris. Gómìnà ló láṣẹ irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀, nítorí náà bí ilé ẹjọ́ bá tú u sílẹ̀, a jẹ́ pé Hampton ni gómìnà nìyẹn. Adájọ́ àgbà wà lórí àìsàn, ó wá ku Wright àti Willard, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ní ìparí oṣù kejì 1877, àwọn méjèèjì buwọ́ lu àṣẹ pé kí wọ́n tú Norris sílẹ̀. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, Wright kọ̀wé pé òun yọ ọwọ́ òun kúrò, pé Hampton kì í ṣe gómìnà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Willard ní àṣẹ ti jáde, Norris sì gbalé rẹ̀ lọ.

Rò ó wò ná, Àjọkẹ́. Àwọn èèyàn Hampton kórìíra rẹ̀ nítorí ìwé kejì, ti Chamberlain ò sì lè gbàgbé ìwé kìíní. Nígbà tó di oṣù kẹrin tí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo Chamberlain kúrò nílé ìjọba, tí Hampton jọba tán, ilé aṣòfin dojú kọ ọ́, wọ́n ní ọ̀mùtí ni. Ó ní irọ́ ni. Èmi gba tirẹ̀ gbọ́. Síbẹ̀ ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó sì lọ kí ọdún náà tó parí.

O lè ní, "Bàámi, bó buwọ́ lù ú, bí kò buwọ́ lù ú, wọn ì bá ṣáà lé e." Òótọ́ ni, mo rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ì bá lé e lórí ìdájọ́ kan tó dá, tó sì dúró tì. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù, mo rí àwọn tó sunkún níwájú adájọ́ pé àwọn ò ka ìwé yẹn káwọn tó fọwọ́ sí i. Ohun kan náà ni adájọ́ máa ń gbé ìwé náà sókè béèrè: "Ọwọ́ rẹ kọ́ nìyí?"

Wright lọ ń ṣe lọ́yà ní Charleston, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lófin, kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó pa á ní 1885. Ilé ẹjọ́ yẹn ò tún ní adájọ́ dúdú mìíràn àfìgbà tí Ernest Finney débẹ̀ ní 1985.

Tó o bá dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, kí ọ̀gá rẹ dáadáa, kó o kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, kó o ní kí wọ́n jẹ́ kó o kà á láti òkè délẹ̀. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tójú rẹ ò rí, ní kí ẹni tó rí i wá búra fún un. Bí wọ́n bá bínú, pè mí lálẹ́. Màmá rẹ fi gààrì àti èlùbọ́ rán awakọ̀ sí ẹ. Gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bàbá rẹ