Onígìtá, níbo ni èyí tó gùn wà?

Birmingham,
Òru ọjọ́ Àìkú.

Onígìtá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ilé, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pè ọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá pè, ọ̀rọ̀ iná àti owó epo la máa sọ títí káàdì á fi tán, ohun tó wà lọ́kàn mi ò sì ní jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sílé ìdáná laago kan òru, tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àlàáfíà la wà níbí. Owó ilé ti lọ sókè, wọ́n yọ eyín mi kan, ọmọ ti ń rìn, ó sì ti da gààrí mi nù lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé o rántí bàbá òyìnbó tí mo sọ fún ọ pé a jọ ń gbé àga àti bẹ́ẹ̀dì kiri nínú ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tí kì í sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, à ń gbé wọ́dúróòbù kan lọ sí Shrewsbury. Òjò ń rọ̀. Nígbà tí a kọjá Telford, ìpolówó ọjà inú rédíò sú bàbá náà, wọ́n pa á, wọ́n ki CD kan bọ̀ ọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni omi tó ń ṣàn àti ẹyẹ tó ń ké. Mo tilẹ̀ yíjú wo fèrèsé, mo rò pé ó ṣí sílẹ̀ ni. Kí n tó yíjú padà, gìtá ti bú jáde. Báàsì ń lọ lọ́nà tirẹ̀, ìlù ń lọ lọ́nà tirẹ̀, dùùrù ń sáré láàárín wọn, kò sì sí èyí tó kọ lu èkejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á lórí orúnkún mi. Mo kà á dé mẹ́rin, ó já mi sílẹ̀. Mo kà á dé mẹ́fà, ó tún já mi sílẹ̀. Èmi tí o máa ń pè ní aago!

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, bàbá náà pa ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pa orin. Mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé ìka kan sókè, wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà." A jókòó síbẹ̀. Obìnrin tó ni wọ́dúróòbù ti yọjú lójú fèrèsé, ó ń wò wá. Dùùrù ńlá kan, irú tinú ṣọ́ọ̀ṣì, ń dún nínú ọkọ̀ yẹn débi pé mo ń gbọ́ ọ nínú eyín mi. Ó rọlẹ̀, orin tún gbéra, ó sáré títí, lẹ́yìn náà ni omi àti ẹyẹ padà wá. Bàbá náà yọ CD, wọ́n fi etí ẹ̀wù nù ún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Àfìgbà tí a gbé wọ́dúróòbù dé àárín àtẹ̀gùn ni wọ́n tó bi mí bóyá ó dùn mọ́ mi. Mi ò lè dáhùn. Kì í ṣe nítorí ẹrù.

"Close to the Edge" lorúkọ orin náà, ẹgbẹ́ Yes ló kọ ọ́, 1972 ló jáde. Orin kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 18 ó lé, ó gba odindi ojú kan àwo. Rick Wakeman ló tẹ dùùrù yẹn, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Giles tó wà ní Cripplegate, ní London. Progressive rock ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú gìtá rọ́ọ̀kì, wọ́n mú ọgbọ́n àwọn tó ń kọ orin fún ẹgbẹ́ olóhun-èlò ńlá nílẹ̀ Yúróòpù, wọ́n fi jáàsì sí i, wọ́n sì jẹ́ kí orin máa rìn bí àlọ́. Ó lè dé ìlú mẹ́ta kó tó padà sílé.

Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá náà ti ń yá mi ní méjì méjì, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá búrẹ́dì. King Crimson, tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1969, ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń jẹ́ mellotron. Dùùrù ni, ṣùgbọ́n téépù kọ̀ọ̀kan ló wà lábẹ́ ibi títẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, téépù á sáré, ohùn fàólìn tàbí fèrè tí wọ́n ti gbà sórí rẹ̀ á jáde. Bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, ó tán, àfi kí o gbé ìka kúrò kí téépù lè padà. Ọwọ́ Birmingham níbí ni wọ́n ti ń ṣe é! Ẹgbẹ́ Genesis náà ní orin kan tó tó ìṣẹ́jú 23, tí apá ibì kan nínú rẹ̀ jẹ́ pé mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án lo máa kà á. Mo ń fi ṣíbí kà á létí tábìlì yìí títí ìyàwó mi fi jáde wá bi mí pé ìgbà wo gan-an lorin ọ̀hún máa bẹ̀rẹ̀.

Kí n sọ èyí tó máa yà ọ́ lẹ́nu. Àwo Osibisa tó wà ní pálọ̀ bàbá rẹ, tí a fi ń dẹ́rù ba àwọn àbúrò rẹ, èyí tí erin ń fò lórí rẹ̀. Roger Dean ló ya àwòrán yẹn ní 1971. Lọ́dún kan náà ló ya ti Yes. Ìlú London kan náà ni wọ́n wà, ọmọ Gánà ló ń darí Osibisa, Lasisi Amao ọmọ ilé wa ló sì ń fọn sáksófóònù níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí à ń jẹ ẹ̀bà ní pálọ̀ yẹn, ilẹ̀kùn ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ yìí ló wà lókè orí wa.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò rí ẹni bá sọ ọ́. Ọmọ ilẹ̀ yìí làwọn tó pọ̀ jù níbi iṣẹ́ wa, mo dárúkọ fún wọn títí, wọ́n ń wò mí. Pink Floyd ni wọ́n mọ̀, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ìgbà kan wà tí ayé ń gbọ́ ọ. Ní 1972 kan náà, Jethro Tull gbé àwo kan jáde tó jẹ́ orin ẹyọ kan láti ojú kìíní dé ojú kejì, ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú, ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 1977, pọ́ńkì, orin rọ́ọ̀kì kúkúrú aláriwo, ti dé, àwọn akọ̀ròyìn orin ti ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé agbéraga ni wọ́n, pé orin wọn ti gùn jù, rédíò sì fẹ́ oníṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀gàn yẹn ò kúrò lára wọn títí di òní. Ilé kan wà ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn olórin rọ́ọ̀kì sí láti fi bọlá fún wọn. 2017 ni wọ́n tó gba Yes wọlé. Chris Squire, tó ta báàsì nínú gbogbo àwo tí ẹgbẹ́ náà ṣe títí ó fi kú, ti kú ní 2015. Ọdún méjì péré! Inú bí mi nígbà tí mo kà á, bí ẹni pé ẹbí mi ni.

Àwọn tó wọ̀ mí lára jù ni Gentle Giant. Ọmọ ìyá mẹ́ta, àwọn Shulman, ló wà nídìí rẹ̀ ní 1970. Kó tó dìgbà náà, wọ́n ti ní ẹgbẹ́ míì, orin wọn kan sì ti wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ níhìn-ín ní 1967. Irú orin yẹn sú wọn. Wọ́n fi òkìkí sílẹ̀, wọ́n lọ ń kọ orin tí ohùn mẹ́rin ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, èkejì á gbà á, kó tó parí ẹ̀kẹta ti wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sára àwo wọn kejì pé àwọn fẹ́ sún ààlà orin síwájú, bí aráyé ò bá tilẹ̀ ní gba tàwọn. Aráyé ò gbà á lóòótọ́. 1980 ni wọ́n tú ká. Mo gbọ́ wọn lálẹ́ àná, mo sì sunkún. Orin ìbànújẹ́ kọ́ ni o. Ìwọ ni mo rántí.

Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo jókòó láti sọ.

Yes ní orin kan tó ń jẹ́ "Roundabout". Nínú àwo, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ààbọ̀ ni. Kí rédíò Amẹ́ríkà lè gbà á, wọ́n gé e kù bíi mẹ́ta ààbọ̀. Èyí tí wọ́n gé yẹn lókìkí, mi ò ní parọ́, òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbúròó wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó gùn wà nínú àwo, ẹni tó bá fẹ́ gbogbo rẹ̀ mọ ibi tó máa lọ. "Close to the Edge" fúnra rẹ̀, wọn ò lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀, wọ́n á gé téépù, wọ́n á so ó pọ̀. Wọ́n ń gé e kó lè gùn. Èmi gé orin tìrẹ, èyí tí a jọ gbà sílẹ̀, kó lè kúrú, mi ò sì tọ́jú èyí tó kù.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ní rédíò ló ní kí a gé e, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni, mo sọ ọ́ di mẹ́ta àti díẹ̀. Ibi tí gángan ti ń dá gìtá rẹ lóhùn, mo gé e. Ibi tí gbogbo wa dákẹ́, tó ku agogo nìkan, mo gé e. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, o bi mí pé, "Ṣé wọ́n gé ti Fela ni, tó ń fi ojú àwo kan kọ orin kan?" Mo ní Fela ni Fela, ìwọ ta ni? O ò fèsì. Ò ń yí okùn gìtá rẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí èyí tó tú nínú wọn. Mo rí i, mo sì dá bí ẹni tí kò rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lu orin náà ní rédíò, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sọ̀rọ̀ bo ìparí rẹ̀. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kí n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Màmá sọ fún ìyàwó mi pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni gìtá wà láti Kérésì, pé o ní o ti dàgbà kọjá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ti ń gbé e kiri láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Mo wá èyí tó gùn lórí fóònù mi, mo wá a lórí gbogbo flash, mo wá a nínú ímeèlì, kò sí. Kọ̀ǹpútà tí a fi gbà á sílẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ fọ́, ṣé kò sí lọ́dọ̀ àbúrò rẹ ní Òkè-Àdó mọ́? Bá mi dé ibẹ̀ kó tó tà á fún àwọn tó ń ra ẹrù àlòkù kiri. Bí kò bá tan, gbé e lọ bá àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kí wọ́n yọ ọkàn rẹ̀, iye tó bá jẹ́, èmi ni mo máa san án. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, fa gìtá yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbé fóònù sórí àga, ta á látìbẹ̀rẹ̀ dópin, má wo aago. Èmi á fi ìlù sí i láti ìhín. Mi ò tilẹ̀ ní kí a gbé e lọ sí rédíò kankan. Marillion, ẹgbẹ́ kan nínú àwọn tí mò ń sọ yìí, sọ fáwọn olólùfẹ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n sanwó àwo táwọn ò tíì ṣe, ẹgbẹ̀rún méjìlá ènìyàn sì sanwó. 2001 ni wọ́n gbé àwo náà jáde. Àwa ò nílò ẹgbẹ̀rún méjìlá. Mo ti ní ẹnì kan. Mo sọ fún bàbá náà nípa rẹ̀, wọ́n bi mí bó ṣe gùn tó. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Wọ́n ní ó dáa, tí a bá tún ń lọ sí Hereford, kí n mú un dání.

Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé mo rí ẹ̀wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbà, kòkòrò ò wọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Onílù rẹ.

Okùn gìtá wo lò ń lò báyìí, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni àbí mẹ́wàá? Ẹnì kan ń bọ̀ ní Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ fi páálí méjì rán an sí ọ.