Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ẹ tètè sọ ọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ń ṣe dókítà, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò lè sọ ọ́ nígbà tí mo wà bíi tiyín: tí ohun kan nínú ara tàbí ọkàn yín bá ń dí yín lọ́wọ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́, ẹ tètè sọ ọ́, kí wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́.

Etí mi ọ̀tún ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ láti kékeré. Ẹnu èèyàn ni mo máa ń wò tó bá ń sọ̀rọ̀, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé kò sẹ́ni tó fura, àfìgbà tí mo dé tíátà iṣẹ́ abẹ tí gbogbo wọn wọ ìbòmú! Ẹnu wo ni mo tún fẹ́ wò? Lọ́jọ́ kan wọ́n pe fífítíìnì, èmi gbọ́ fífítì, mo ti ń fa oògùn sínú síríńjì lọ ràì, ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó gbá mi lọ́wọ́ mú. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ mi ò sọ fún ẹnì kankan, ó tún tó ọdún méjì sí i. Ìgbéraga àbí ìbẹ̀rù, ẹ bá mi wò ó.

Ìgbà tí mo wá là á, kí ni wọ́n fún mi? Stethoscope (ohun tí dókítà fi ń gbọ́ ìró ọkàn) tó ń gbé ohùn sókè, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹni tó bá pe iye oògùn á pe nọ́ńbà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, “ọ̀kan, márùn-ún”, èmi náà á tún un pè. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ o.

Àwọn kan á ní ojúsàájú ni. Ṣé ẹni tó wọ gíláàsì kàwé jí máàkì ni? Ẹni tí lẹ́tà ń jó lójú tí wọ́n fún ní àsìkò sí i, ìbéèrè kan náà ló dáhùn. Ẹ wo Helen Taussig, dókítà ọkàn àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ìwé kíkà fún un ní wàhálà ní kékeré, nígbà tó di dókítà etí ẹ̀ tún daṣẹ́ sílẹ̀, ló bá ń fi ìka gbọ́ ọkàn àwọn ọmọdé. Òun, Blalock tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ, àti Vivien Thomas tó ń bá Blalock ṣiṣẹ́ ló wà nídìí iṣẹ́ abẹ 1944 tó gba àwọn ọmọ tí ara wọn ń dú bí aró là.

Kì í ṣe sàráà lẹ ń tọrọ. Àdéhùn àjọ UN ti 2006 ti sọ pé ẹni tó bá kọ ìrànlọ́wọ́ tó bọ́gbọ́n mu fún aláàbọ̀ ara, ó ti yà á sọ́tọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ tètè béèrè, torí ìdánwò tẹ́ ẹ bá ti fèèlì, ó ṣòro kí wọ́n tó padà sẹ́yìn tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ní ẹ̀rí. Ẹni tó ń fún yín ní máàkì, ohun tẹ́ ẹ nílò ló yẹ kó mọ̀, kì í ṣe orúkọ àìsàn yín. Ìdánwò láìsẹ́ǹsì sì sábà máa ń ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó lè gba oṣù bíi mélòó kan, ẹ má rò pé ti ilé ìwé á bá yín débẹ̀.

Ti àárẹ̀ ọkàn ńkọ́? Wọ́n á fún yín ní kọ́ọ̀lù òru, iṣẹ́ àṣemọ́jú ní ọsibítù, léraléra, wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ wá ṣe yoga (ẹ má bínú, inú ló ń bí mi). Ìbúra àwọn dókítà tí wọ́n tún ṣe ní 2017 ti fi ìtọ́jú ara tiwa náà sí i. Ẹ ní dókítà tiyín, tí kì í ṣe olùkọ́ yín, ẹ má máa kọ oògùn fún ara yín.

Ìwọ tó ń ka èyí lẹ́yìn kọ́ọ̀lù, kọ ímeèlì tó o máa fi béèrè ìrànlọ́wọ́ yẹn kó o tó sùn. Ìlà mẹ́ta ti tó: ohun tó ń dà ọ́ láàmú lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó o fẹ́, ọjọ́ tí ìdánwò ń bọ̀.