Ẹ má ní ká fi kẹ̀kẹ́ sílé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àkọsílẹ̀ tí ẹ gbé jáde lórí ìrìn-àjò etíkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì ń gbádùn rẹ̀ bọ̀ títí mo fi dé ibi tí òǹkọ̀wé yín ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ onígbòkun fi kẹ̀kẹ́ sílé, pé ẹrù lásán ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ó ti pẹ́ tí èmi àti àbúrò mi obìnrin ti ń fi ọkọ̀ kékeré rin etíkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ̀kẹ́ méjì tó ṣeé ká kì í sì í kúrò nínú ọkọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí afẹ́fẹ́. Bí ojú ọjọ́ bá dáa, ilẹ̀ máa ń tètè gbóná ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbóná, á gòkè, ti ojú òkun á wá fẹ́ wọlé láti gba ipò rẹ̀. Ọ̀sán ni atẹ́gùn yìí máa ń le jù, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á sì rọlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ta ìgbòkun ní aago mẹ́fà àárọ̀ lè jókòó títí kó máa wo aṣọ tó rọ̀ jọwọlọ. Àárọ̀ yẹn gan-an ló dùn-ún gun kẹ̀kẹ́ jù: ọ̀nà ṣófo, oòrùn ò tíì mú, afẹ́fẹ́ ò sì tini sẹ́yìn. Àwa a máa gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, a ó padà sí èbúté kí ọ̀sán tó pọ́n, ìgbà tí atẹ́gùn bá dé la ó tó tú okùn ọkọ̀.

Àwọn kan á ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, pé ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kọ̀ nìkan ni kẹ̀kẹ́ wúlò. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 8 kì í sábà sá ju nọ́ọ̀tì 5 lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 9 ní wákàtí kan. Ẹni tó ń rọra wa kẹ̀kẹ́ á lọ tó 15. Ọkọ̀ ò sì lè dojú kọ afẹ́fẹ́ tààrà, àfi kó máa yà sọ́tùn-ún, kó tún yà sósì, ọ̀nà á sì gùn sí i. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ ni pé a máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè tó yọ sínú òkun, ká lè wo ibi tí a ó gbà lọ́la. Láti òkè yẹn, ẹ ó rí ibi tí ìgbì ti ń fọ́ lórí iyanrìn tó wà lábẹ́ omi, ẹ ó sì rí ibi tí omi ti ń sáré lẹ́bàá àpáta. Àwòrán ilẹ̀ á ti sọ ọ́ fún yín lóòótọ́, àmọ́ kí ojú yín tún rí i yàtọ̀.

Kẹ̀kẹ́ tún máa ń gbani lọ́wọ́ ìkánjú, ìkánjú ló sì sábà ń kó ọkọ̀ kékeré sí wàhálà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dé ipele 6 lórí òṣùwọ̀n Beaufort tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, ìyẹn nọ́ọ̀tì 22 sókè, ọkọ̀ bíi tiwa ò níṣẹ́ lójú òkun. Ẹni tí kò ní nǹkan ṣe ní èbúté á máa wá àwáwí láti gbéra. Àbúrò mi ò ní àwáwí kankan. Á kàn ju báàgì sẹ́yìn, ó di inú igbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní àwọn èbúté kan ní Brittany, nílẹ̀ Faransé, tó ní ògiri kékeré nísàlẹ̀ omi, tí ọkọ̀ ò lè kọjá àfi tí òkun bá kún. Ní Saint-Malo, ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi tó kún àti èyí tó fà lè ju mítà 12 lọ. Kí lèèyàn á máa dúró ṣe níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí? Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Òkun Baltic ní àríwá Yúróòpù ni n óò dárúkọ fún yín, torí kíkún àti fífà omi ò fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ EuroVelo 10 sì yí i ká.

Òótọ́ ni pé iyọ̀ ò fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Omi tútù tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ nu ún, kí ẹ tún fi òróró sí ṣéènì. Bí irin tó gbé ìjókòó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, tí ara kẹ̀kẹ́ sì jẹ́ irin, ẹ máa yọ ọ́ lóòrèkóòrè, kí ẹ fi gíríìsì pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iyọ̀ á so méjèèjì pọ̀ débi tí kò ní ṣeé yọ mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ rọ́bà gbé kẹ̀kẹ́ dé èbúté, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé eyín ṣéènì kó má baà gún rọ́bà, kí ẹ sì so okùn mọ́ ọn kí ọwọ́ yín tó kúrò lára ọkọ̀ ńlá.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fara mọ́ ni kí ẹnì kan máa wa kẹ̀kẹ́ lọ, kí ẹnì kejì dá tu ọkọ̀ dé èbúté tó kàn. Bí ẹni tó dá wà bá ṣubú sómi, ta ni yóò yí ọkọ̀ padà?

Ẹ bá mi bẹ òǹkọ̀wé yín. Nígbà míì tó bá ń ṣàpèjúwe èbúté, kó jọ̀wọ́ sọ bóyá ẹ̀rọ omi wà nítòsí ibi tí ọkọ̀ ń so sí, àti bóyá ọ̀nà tó jáde síbẹ̀ ṣeé gun kẹ̀kẹ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín tọkàntọkàn